Ìyá Pẹrẹsẹ Di Àlejò Létí Òkun

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Pẹrẹsẹ ti ń tún yàrá àlejò ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé bó bá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹrẹsẹ ló máa ń lọ, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀. Ó mọ àlejò dáadáa. Bó bá ti wo bàtà tí wọ́n bọ́ sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ti mọ ẹni tí yóò fi owó ọpẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó gbá yàrá, ó sì ti mọ ẹni tí yóò fi èèpo ọsàn nìkan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ahun ló fi ń jẹun ọ̀sán. Á ṣe bí ọkùnrin tó rí i lọ́ọ̀ọ́kán tó sáré gbé fóònù tó ti kú sétí. Á ṣe bí obìnrin tó sá wọ balùwẹ̀ nígbà tó kanlẹ̀kùn. Á wá ṣe bí bàbá tó fi ẹyọ owó méjì sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí, tó rò pé wọ́n ti kọ orúkọ òun sílẹ̀ lọ́run.

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo dé hòtẹ́ẹ̀lì," ni yóò máa wí, "ẹ ò rí i pé gbogbo ẹni tó bá sìn mí ló máa rẹ́rìn-ín délé!"

Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, máníjà kéde pé Ìyá Pẹrẹsẹ ló tayọ nínú òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta ta á lọ́rẹ, òun àti ọkọ rẹ̀, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun lórílẹ̀-èdè kejì tó múlé gbè wọ́n, tí ẹni tó ni tiwọn náà ló ni ín. Yàrá ọ̀fẹ́, oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́. Ìyókù dọwọ́ wọn.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, ó ti rán ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó méjì fún ara rẹ̀, ó ní bí wọ́n ti ń wọṣọ létí òkun nìyẹn. Wọ́n kó owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti oṣù mẹ́ta, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹnubodè. Òdo pọ̀ lára owó ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ṣeré. Àpò ṣòkòtò télọ̀ kò lè pa dé mọ́.

"Ìyá àwọn ọmọ, a ti lówó!"

"Ẹ rọra, bàbá. Òdo ni wọ́n fi kún un."

Wọ́n dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin tó ń bá àlejò gbé ẹrù gba báàgì kékeré tí Ìyá Pẹrẹsẹ lè fi ìka kan gbé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Ó ṣí kọ́tìnì. Ó fi bí wọ́n ṣe ń tan iná hàn wọ́n, ó fi ẹ̀rọ omi hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ìyá Pẹrẹsẹ mọ ìdúró yẹn, ó ti dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Orí rẹ̀ wú. Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó fa owó aláwọ̀ búlúù kan yọ láìwò ó, nítorí pé àwọn ahun ló máa ń wo owó kí wọ́n tó fún èèyàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà wo owó. Ó wo ojú rẹ̀. Ó tún wo owó. Ó tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

"Ẹ rí bí inú rẹ̀ ti dùn?" ni Ìyá Pẹrẹsẹ sọ fún ọkọ rẹ̀.

Télọ̀ jáde lọ ra omi àti búrẹ́dì. Ìgbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí.

"Èló lo fún ọkùnrin yẹn?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

"Búlúù?"

"Búlúù ni."

Ó tẹ́ owó búlúù méjì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan ní òdo mẹ́ta, èkejì ní òdo mẹ́rin. "Mẹ́ta la gbà nínú èyí tó lódo mẹ́rin. Méjì ló kù lọ́wọ́ wa. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lo fún un! Owó oúnjẹ wa lo fi kí ẹni tó gbé báàgì ọwọ́!"

Ìyá Pẹrẹsẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ dáadáa, kò tilẹ̀ rántí pé ó ń rún un.

"Lọ gbà á padà," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí n lọ wí kí ni? Ṣé pé mi ò mọ owó kà? Ó tán."

Kò tán rárá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ pé olówó kan dé. Ẹnu mẹ́fà ló kí i lẹ́ẹ̀kan náà: "Màdámù, ẹ káàárọ̀ o!" Ẹnìkan fa àga fún un. Ẹlòmíràn nu iyanrìn kúrò lára bàtà télọ̀ nígbà tí bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú agboòrùn létí òkun kó agboòrùn mẹ́ta wá fún èèyàn méjì. Ẹni tó bá sì ti ṣe tirẹ̀ tán, á dúró.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, owó wẹ́wẹ́ ti tán lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí agbáwo tó ń gbé oúnjẹ kiri yọ lókèèrè, fóònù Ìyá Pẹrẹsẹ fò sétí rẹ̀.

"Hẹ́lò? Hẹ́lò? Mò ń gbọ́ yín!"

Ọkọ rẹ̀ wo fóònù náà. Kò tan iná. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ náà, inú òkun ni wọ́n dúró sí títí omi fi mù wọ́n dé èjìká, torí kò sí agbáwo tó ń bá èèyàn débẹ̀. Ọmọ ìka télọ̀ hun jọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn o, mo wá tún yàrá ṣe."

Kí ọkọ rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Pẹrẹsẹ ti wà ní balùwẹ̀, ó ti ṣí omi. Láti ìdájí, bíi ti àná, ló ti gbá yàrá, ló ti fọ balùwẹ̀, ló ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe é lóore tí yóò san.

Agbálẹ̀ náà wọlé, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ kan igun aṣọ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló tẹ́ èyí?"

Télọ̀ ń wo àjà ilé.

"Ọjọ́ kejì rèé tí mo wọlé tí mi ò bá iṣẹ́. Máníjà wa á ní mi ò débí. Ẹ bá mi sọ fún màdámù kí wọ́n jáde, omi yẹn ń dà dànù lásán."

Ìyá Pẹrẹsẹ jáde. Omi ò kan ibì kankan lára rẹ̀.

"Ìyá, àlejò kọ́ ló ṣẹ́ igun aṣọ báyìí," ni agbálẹ̀ wí.

"Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, àbúrò mi." Ó bá ro gbogbo rẹ̀ fún un, látorí owó búlúù dórí fóònù.

Agbálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Gbé-ẹrù-gbé-ẹrù wa ní ẹ ní kànga epo nílé! Láti àná ló ti ní ara òun ò yá. Irọ́ ni o, ó kó ìyàwó rẹ̀ lọ gbafẹ́."

"Èló ló yẹ kí n fún un gan-an?"

"Ẹgbẹ̀rún kan ti tó. Bí kò bá sí, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Èyí tó ń dùn mí ni kí àgbàlagbà máa sá fún mi bíi pé mo wá gba owó orí."

Ojú ti Ìyá Pẹrẹsẹ dé ìpìlẹ̀. Owó ọkọ̀ àtidélé nìkan ló kù lọ́wọ́ wọn. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó so ó le.

"Yàrá mélòó ló kù fún ọ?"

"Mẹ́jọ."

"Dìde, ká lọ."

Wọ́n tún yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣe. Télọ̀ náà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó rẹ̀, ó ń gbé ìrọ̀rí, ó sì bá wọn rán etí kọ́tìnì kan tó ti ya. Ní yàrá karùn-ún, àlejò kan bá a níbi tó ti ń gé òwú, ó tẹ owó búlúù olódo mẹ́ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Télọ̀ ti fẹ́ kì í bọ àpò. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó bá gbé e fún agbálẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó yọ eyín.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, máníjà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó mú bírò dání. "Ìyá Pẹrẹsẹ, kí lẹ kọ́ nígbà tí ẹ di àlejò?"

"Sà, ẹ̀rù wa ló ń ba àwọn àlejò. Wọn ò mọ iye owó ọpẹ́ tó bójú mu, ni wọ́n ṣe ń sá pamọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, pé iye báyìí tó, ẹni tí kò bá ní kó má bínú."

Máníjà ní hòtẹ́ẹ̀lì tó níyì kì í dárúkọ owó fún àlejò. Ó rò ó díẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ: GẸ́GẸ́ BÍ ÒṢÌṢẸ́ WA TÓ TAYỌ ṢE DÁBÀÁ, Ẹ MÁA RẸ́RÌN-ÍN SÍ ÀLEJÒ DÁADÁA.

Ìyá Pẹrẹsẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó da táwẹ̀lì mẹ́rin lé èjìká, ó gba ọ̀nà yàrá lọ.