Bíńgò Já Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Lórí Òkè Ìkógòsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn nípa àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an ni ìròyìn. Èmi àti ajá la jọ gun òkè, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú àpáta!

Ajá kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ajá! Èmi ọmọ Àfáà, tí wọ́n bí sí agbo ilé tí ajá kì í kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn.

Ajá náà kì í ṣe tèmi. Ti Bàbá Tíṣà ni, olùkọ́ tó kọ́ mi ní jọ́gíráfì nígbà tí mo wà ní girama. Àdúgbò Ọ̀rányàn ni wọ́n ń gbé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Láti ìgbà tí Màmá, ìyàwó wọn, ti kú, àwọn àti Bíńgò nìkan ló kù nínú ilé náà. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, Bàbá á gbé Bíńgò, wọ́n á lọ sí Ìkógòsì nílẹ̀ Èkìtì, wọ́n á gun òkè tó wà lẹ́yìn omi gbígbóná, wọ́n á sì bu omi bọ̀ wálé. Lọ́dún yìí, orúnkún Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé ara wọn gan-an ti di wàhálà.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ bu omi náà wá, àwọn fẹ́ fi wẹ orúnkún. Mo ní kò burú. Wọ́n ní kí n mú Bíńgò dání, pé ajá náà ti mọ̀ pé àsìkò tó, kò jẹun dáadáa mọ́, ẹnu ọ̀nà ló ń sùn sí. Mo ní háà! Wọ́n wò mí lójú.

"Ọmọ mi, mo mọ ilé tí o ti wá. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo ní. Mú un lọ, kí o sì mú un padà wá fún mi."

Ẹ sọ fún mi, ta ló lè kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Láàárọ̀ Sátidé, mo tẹ́ ọ̀rá sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò mi, mo lọ gbé Bíńgò. Nígbà tí mo yà ní Bẹẹrẹ láti ra búrẹ́dì, Ìyá Ràfíátù oníbúrẹ́dì yọjú wo inú mọ́tò.

"Ọmọ Àfáà! Ajá rèé lẹ́yìn ọkọ̀ yín, àbí ojú mi ni?"

Mo ní Èkìtì là ń lọ. Obìnrin yìí pàtẹ́wọ́.

"Yéè! Ẹ ń gbé ajá lọ sí ìhà ibẹ̀? Ẹ dì í mú dáadáa o! Wọ́n ní àwọn ará ọ̀hún kì í fi ajá ṣọ́lé, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè!"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti bá mi wọ inú mọ́tò.

Nígbà tí a fi máa dé Ìkógòsì, oòrùn ti ga, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣì ń gé èèyàn létí. Ẹ wo ibẹ̀! Oru ń gòkè láàárín àwọn igi ńláńlá bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́! Bàbá Tíṣà ti sọ fún wa ní kíláàsì láyé ọjọ́un pé ooru ńlá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, pé òun ló ń se omi náà kó tó jáde. Àwa rò pé wọ́n ń pa ìtàn fún wa ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Bàbá lọ́jọ́ náà.

Omi tútù sì ń ṣàn bọ̀ láti apá kejì, àwọn méjèèjì wá pàdé. Mo fi ẹsẹ̀ kan sínú gbígbóná, mo fi ọ̀kan sínú tútù, mo ń pariwo bí ọmọ ọdún mẹ́fà!

Bíńgò ò rí tèmi rò. Ó ń fà mí lọ sókè. Okùn gígùn ni mo fi ń dì í mú, torí mi ò fẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kàn mí. Òkúta ń yọ̀, gbòǹgbò igi yọ síta bí àtẹ̀gùn. Níbi tí mo bá ti dúró mí, ajá náà á dúró, á bojú wẹ̀yìn, á wò mí tìyanutìyanu. Ajá ń fi mí ṣẹ̀sín! Ká sòótọ́, inú mi dùn. Nígbà wo ni mo gun ohun tó ga ju òkè Mápó lọ kẹ́yìn?

Lókè lọ́hùn-ún, a bá omi gbígbóná kékeré mìíràn tó ń yọ láàárín òkúta. Mo bu omi Bàbá sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìrun ọ̀sán ti tó, mo fi omi yẹn ṣe àlùwàlá, ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn tó! Bíńgò wá ńkọ́? Ó ń yí mi po, ó fẹ́ fara nù mí lẹ́sẹ̀. Mo rí igi kan tó jìnnà díẹ̀, mo sáré lọ so okùn rẹ̀ mọ́ ọn. Kó má baà kàn mí, mo nawọ́ láti òkèèrè, mo fi ìka méjì ta kókó bí ẹni tó ń mú ẹyin inú omi híhó. Ṣé kókó nìyẹn?

Mo wà ní ìforíkanlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tí ewé dún ṣàà. Mi ò wẹ̀yìn. Ìrun ni mò ń kí. Nígbà tí mo parí, mo yíjú. Igi wà níbẹ̀. Okùn ò sí. Ajá ò sí!

"Bíńgò! Bíńgò o!"

Ajá méjì sáré jáde láti inú oko kan nísàlẹ̀, wọ́n ń jùrù. Kò sí tèmi nínú wọn. Ajá mélòó ni kì í jẹ́ Bíńgò nílẹ̀ Yorùbá?

Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Bàbá? Ibẹ̀ ni mo ti rí ọdẹ àgbàlagbà kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìbọn léjìká, àpò wúwo lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìdí àpò náà. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ràfíátù bá gbá mi létí!

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníròyìn pé kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ẹni gbogbo. Mi ò kí ọdẹ. Mi ò béèrè àlàáfíà. Mo dí ọ̀nà, mo ní oníròyìn ni mí, ajá mi ti sọnù, kí wọ́n ṣí àpò wọn kí n wò ó.

Bàbá Ọdẹ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n sọ àpò kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tú u. Òkété méjì ló wà níbẹ̀.

"Ṣé ajá yín rèé? Àbí òkè ti jẹ́ kó rù?"

Mo yà kúrò lọ́nà.

"Ìbàdàn lẹ ti wá," wọ́n ní. "Mo mọ̀. Ẹ ò kí mi, àpò mi lẹ kọ́kọ́ kí."

Orí òkúta yẹn ni mo dọ̀bálẹ̀ sí! Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní kí n dìde kí n má dá ara mi légbò, wọ́n ní báwo ni ajá náà ṣe rí. Mo ní ó pupa, etí kan gé, Bíńgò ló ń jẹ́.

"Bíńgò Tíṣà kẹ̀? Ẹ bá ti tètè sọ! Tíṣà gan-an dà?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúnkún. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọdọọdún ni Bàbá ń gba ẹ̀gbẹ́ oko àwọn kọjá, pé nígbà tí ìyàwó Tíṣà wà láyé, mẹ́ta ni wọ́n máa ń jẹ́. "Ajá yín ò sọnù," wọ́n ní. "Ó lọ síbi tí wọ́n máa ń lọ ni. Ẹ tẹ̀ lé mi."

A gòkè díẹ̀ sí i. Lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, Bíńgò jókòó, okùn nà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó kọjú sọ́nà. Mo kígbe ayọ̀! Ó jùrù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó na ọrùn, ó ń wo ẹ̀yìn wa.

"Tíṣà ló ń wá," Bàbá Ọdẹ sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Mo fa okùn, kò mira. Mo fún un ní búrẹ́dì, kò gbóòórùn rẹ̀. Bàbá Ọdẹ súfèé, kò dá wọn lóhùn. Kí ló kù? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òkúta náà, mo pe Bàbá Tíṣà. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: bí mo ṣe so okùn, bó ṣe já, bó ṣe jókòó tí kò fẹ́ dìde.

Bàbá fi ìbéèrè dá mi lóhùn. 

"Orí òkúta pẹlẹbẹ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Ó kọjú sọ́nà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo gbọ́ tí Bàbá fun imú.

"Ibẹ̀ ni Màmá ti máa ń bu oúnjẹ fún un. Gbé fóònù sí i létí."

Àfi kí n kúnlẹ̀. Àfi kí n gbá ọrùn ajá mú, kó má yí orí. Ọwọ́ èmi, ọmọ Àfáà, nínú irun ajá! Ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Bíńgò," Bàbá ní, "ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí n wá. Mo wà nílé. Máa bọ̀ nílé."

Ajá náà fò dìde! Ó lá fóònù, ó lá ọwọ́ mi, ó fi ahọ́n gbá gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láti àgbọ̀n dé ojú! Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ṣé mo rántí àlùwàlá? Mo di ajá yẹn mọ́ àyà gbágbá!

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Tíṣà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Ọ̀rányàn, ọ̀pá lọ́wọ́. Bíńgò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì mọ́tò mi kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, Bàbá ò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, orúnkún tó ń dùn wọ́n ni ajá náà sì gbé orí lé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹ má ṣe gbé yẹ̀yẹ́ ìsọ̀ búrẹ́dì lọ sílùú onílùú, kí ẹ wá fi ṣe ojú tí ẹ ó fi máa wo èèyàn. Ká kọ́kọ́ kí wọn. Ká béèrè. Ẹni tí mo fi ojú olè wò nìkan ló mọ ibi tí ohun tí mò ń wá wà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fi ojú burúkú wò rí, tó wá jẹ́ pé òun gan-an ló gbà yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, ẹ má tijú. Èmi tí mo ní kí ọdẹ tú àpò rẹ̀ kí n tó kí i, kí ni mo fẹ́ máa fi yín ṣẹ̀sín fún?