Ibo ni wọ́n á ti máa dáná?

Bí ọbẹ̀ bá ti ń ta sánsán ní kọ́rídọ̀, ọ̀gá mi àtijọ́ ní kánsù ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì sọ tẹrú-tọmọ di onílé ní Ìsọlọ̀, òun ló ń yẹ pláànì wò. Á fìka tọ kọ́rídọ̀ inú àwòrán dópin, á ní, "Ibo ni wọ́n á ti máa dáná?"

"Kọ́rídọ̀ ńkọ́?" ni bàbá kan tó ń kọ́lé fáwọn òṣìṣẹ́ fáktìrì dáhùn.

"Ọmọdé ń sáré níbẹ̀, bàbá. Ẹ fi yàrá kan ṣe ilé ìdáná."

Bàbá kùn títí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ó gbé ìrẹsì wá fún wa. Ọ̀gá ṣí abọ́. "Ibo lẹ ti sè é?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Nínú yàrá tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni!"