Oògùn Àpòpọ̀ Tí Bualoi Fi Ta Àlùfáà Lọ́rẹ

Bí ẹ bá ní kí Bualoi fúnra rẹ̀ sọ ìtàn yìí, ó máa fo ibi tó dùn jù níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Obìnrin ni Bualoi, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tẹ́ḿpìlì abúlé wa. Ó sanra, ó lẹ́nu, ó sì láàánú. Ọṣẹ ni o, omi ẹja tá a fi ń se ọbẹ̀ ni o, ó ń tà á, ṣùgbọ́n oògùn àpòpọ̀ ló ń yá jù: kóró pupa, kóró funfun, kóró aláwọ̀ ewé, gbogbo ẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbin ìrẹsì lóko títí ẹ̀yìn fi fẹ́ kán, tó bá gbé e mì, kò ní pẹ́ tó fi máa sáré kiri. Ojú ẹ̀ á tún yọ rìbìtì, àwọn ará ilé á ní ara tù ú. Àṣé ó ń wú ni.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún àwa obìnrin tó ń yọ̀ǹda ara wa fún ètò ìlera pé oògùn yẹn ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, pé ó lè pààyàn. La bá lọ bá Bualoi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á mọ́.”

“Ìwọ Chansi tó o ṣáájú wọn wá, ṣebí o rà á lánàá!”

Chansi tẹ orí mọ́lẹ̀. “Ìyá ọkọ mi ló rán mi.”

“Èwo? Èyí tó ti kú?”

Ẹ̀rín pa wá, a pẹ̀yìn dà. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ kéde lórí gbohùngbohùn pé ẹni tá a bá ká oògùn náà mọ́ lọ́wọ́, òun á ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa. Bualoi ò lè dà á nù, àánú nǹkan ń ṣe é. Ó ra korobá ofeefee tá a fi ń ta àlùfáà lọ́rẹ, ó to ọṣẹ àti àbẹ́là sókè, ó kó oògùn sísàlẹ̀, ó gbé e fún Bàbá Khian, àlùfáà àgbà tẹ́ḿpìlì náà. Nígbà tá a wá tú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wò, a ò bá nǹkan kan. A tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Orúnkún ti ń da Bàbá Khian láàmú tipẹ́. Ká tó mọ̀, Bàbá ti wà lórí òrùlé, ó ń tún páànù ṣe! Gbogbo abúlé ní àdúrà Bàbá ló gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a kúnlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a ń bu ìrẹsì ọrẹ sínú abọ́ Bàbá Khian, Bàbá bá ṣubú lulẹ̀, ó ń bi ẹ̀jẹ̀ dúdú. Obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀, obìnrin ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlùfáà. A ń pariwo, a ń yí Bàbá po bí adìyẹ. Bualoi sáré ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹ̀ dé.

“Bàbá, ẹ yí ara yín sínú ẹ̀!”

“Mi ò lè yí.”

“Ẹni tó gun òrùlé lánàá? Ẹ yí, jàre!”

Bàbá yí. A ti kẹ̀kẹ́ náà dé ilé ìwòsàn, abúlé ti tẹ̀lé wa.

“Kí ni wọ́n lò?” nọ́ọ̀sì bi wá. “Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, mo lè fún wọn lóògùn tí kò yẹ.”

Ẹnu Bualoi ń ṣí, ó ń pa dé bí ti ẹja. Ẹni tó bá pa àlùfáà lára níbí, ẹ̀ṣẹ̀ náà á bá a dé ayé tó ń bọ̀, gbogbo abúlé á sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

“Èmi ni!” ó ké. “Oògùn àpòpọ̀ ni! Mo kó o sínú korobá ọrẹ!”

“Èyí táwa náà ń lò?” ẹnì kan bèèrè.

Kálukú fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀ tó wú. Kò pẹ́, wọ́n ti tò síwájú nọ́ọ̀sì, Chansi ló wà níwájú pátápátá.

Bàbá Khian yè é. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá bèèrè àpòpọ̀, Bualoi á lé e jáde. Nígbà tó lọ tọrọ àforíjì, Bàbá ní kó jókòó.

“Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ó dùn mí o. Wọ́n ti ń sọ pé àdúrà mi ló gbà.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Orúnkún yín ńkọ́?”

“Ó ń ro mí gan-an,” ni Bàbá dáhùn. “Mo dúpẹ́.”