Àgbọ̀n Àáfà àti Orúnkún Tèmi

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ibi iṣẹ́ Ọ̀gá, bàtà mi nìkan ló dúró gbaṣẹ́, èmi sá lọ. Wọ́n ní kí n wá máa gbálẹ̀, kí n máa gbé omi kaná fún un, oníṣẹ́ eyín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá iwájú ilé kan ní Ìlobù. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí àwọn àgbọ̀n èèyàn lórí pẹpẹ, wọ́n funfun báláú, wọ́n tò wọ́n bí ẹni to abọ́. Mo ní, "Yéè, ó ti pa wọ́n!" Ìta ni mo ti bá ara mi. Ọ̀gá ló kó bàtà mi wá sílé ọkọ mi, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Múfú, pilásítà ni. Àwọn tó ni ẹnu wọ̀nyẹn wà láàyè, wọ́n ń jẹ iyán."

N ò lọ ilé ẹ̀kọ́ o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó kọ ọ́ yá. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ogun Bìáfúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Múfú àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Pilásítà yẹn, ìyẹ̀fun ni. Omi tútù ni wọ́n fi ń pò ó, á wá le bí òkúta. Òun ni Ọ̀gá fi ń mú ìrí ẹnu èèyàn, kó lè gbé e ka orí tábìlì, kó máa ro ibi tí eyín kọ̀ọ̀kan yóò wà. Èmi tó jẹ́ pé ògì ni mo mọ̀ ọ́n rò, omi tó ń hó ni mo dà lé e. Kí n tó yíjú padà, ṣíbí ti dúró ṣánṣán sínú abọ́, ó kọ̀, kò ṣeé yọ. Ọ̀gá gbé abọ́ náà sókè, ó dà á délẹ̀, nǹkan kan ò já bọ́.

Ó ní, "Ògì ti jinná. Àkàrà dà?"

Àáfà Yínúsà wá bá wa láti Ìfọ́n. Gbogbo eyín iwájú òkè ti lọ, ti inú náà ti dín. Òun ló ń ké kéwú, tó ń ṣe wáàsí fún àdúgbò rẹ̀ bí àwẹ̀ bá dé. Ó ní bí òun bá ti lanu báyìí, atẹ́gùn ló ń kọ́kọ́ jáde, kéwú á wá máa rìn bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ kéwú ń fi wàláà bojú rẹ́rìn-ín. Bí àwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí bá bá òun bẹ́ẹ̀, òun á dìde lórí ìjókòó wáàsí fún ẹlòmíràn.

"Ẹ bá mi fi sí i lónìí," ó ní. "Ọ̀nà mi jìn."

Ìfọ́n tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ!

Ọ̀gá ní, "Àáfà, ẹ má bínú. Ẹni tó fẹ́ lé òrùlé, òpó ló kọ́kọ́ ń mì wò." Ó fi ìka rẹ̀ mi àwọn eyín tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn tó dúró gírí ni yóò di eyín tuntun mú. Ọ̀kan ń mì. Yíyọ ni, ojú rẹ̀ á sì jinná kí òun tó ṣe ohunkóhun.

Àáfà yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é ní Ìlobù? Mo wá gba eyín, ẹ tún fẹ́ gba èyí tí mo mú wá!"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. A kì í jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Nígbà tí ojú ibẹ̀ jinná, ó padà wá fún ìda. Ìda pupa ni, Ọ̀gá á fi iná rọ̀ ọ́, á fi sáàárín eyín òkè àti tìsàlẹ̀, onítọ̀hún á panu dé lé e lórí, kò ní mira títí ìda á fi tutù. Bí ẹnu bá ṣe pàdé nínú ìda yẹn ni eyín tuntun yóò ṣe máa pàdé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di àgbọ̀n mú. Mo fi aṣọ mímọ́ wé ọwọ́ nítorí pé Àáfà ni, mo gbé àgbọ̀n rẹ̀, irùngbọ̀n ń rìn mí lọ́wọ́. Ìgbéraga dé. Mo ní ta ló tún tó mi nínú àwọn ìyàwó Ìlobù, èmi tí mo gbé odidi Àáfà Ìfọ́n lọ́wọ́.

Ni ìyá ọkọ mi bá wọlé.

Ẹ̀yin ìyàwó òde òní, ó lè má yé yín. Nígbà tiwa, bí ìyá ọkọ bá yọjú, orúnkún kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ káàbọ̀, mà!" Àgbọ̀n Àáfà sì bá mi kúnlẹ̀.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbọ̀n náà padà sípò, ó yẹ ìda wò nígbà tó tutù, kò rí àbùkù kankan. Gbogbo wa gbà pé kò ṣe nǹkan.

Ó ṣe nǹkan. Nígbà tí Ọ̀gá to eyín sórí ìda tán, tí Àáfà wá dán an wò, apá ọ̀tún pàdé, apá òsì yà, bí ilẹ̀kùn tí férémù rẹ̀ ti wọ́. Bó bá ti panu dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni ń yínmú sí aládùúgbò. Àwẹ̀ sì ti kanlẹ̀kùn. Kò bú mi. Ó rọra gbé dígí tó fi ń wo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí wọ́n kúkú máa wá ẹlòmíràn," ó ní. "Ọlọ́run ló mọ̀."

Ìbá sàn kó bú mi.

Ọ̀gá ní, "Ìda ni, Àáfà, kò tíì le. Torí irú èyí la ṣe ń fi ìda dán an wò. A máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n Ìyá Múfú ò ní fọwọ́ kan àgbọ̀n."

Mo ní, "Ta ló máa wá dì í mú?"

Ó ní ẹni tí òun ń wá ni ẹni tí kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. A wo ara wa. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa tó rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ró aṣọ ọdún wá. Ó di àgbọ̀n Àáfà mú bí ẹni di àgbò iléyá. Ọ̀gá gbé èmi sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa bá gbogbo wa kí àlejò, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá onílé, mo kúnlẹ̀ fún elépo, mo ṣèèṣì kúnlẹ̀ fún ọmọdé kan tó ru igi. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi nínú yàrá:

"Má mira, Yínúsà! Ṣebí mo mọ ìyá tó bí ẹ!"

Àwẹ̀ dé. Ìyá ọkọ mi ní ká lọ sí Ìfọ́n, ká lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ọwọ́ òun, ẹ gbọ́! A jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Àáfà tún ìjókòó ṣe, ó lanu. Mo di ìró mi mú. Kò sí atẹ́gùn. Kéwú já geere bí omi odò, àwọn ọmọ kéwú gbé wàláà kúrò lójú, wọ́n ń tẹ́tí. Ìyá ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Ṣé o rí àgbọ̀n yẹn? Èmi ni mo dì í mú."

Láti ọjọ́ náà kò fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún mi mọ́. Òun ló ń di àgbọ̀n mú, èmi ń gbálẹ̀, mò ń kí àlejò, títí Ọ̀gá fi kó padà sí ìlú rẹ̀.

Eyín tèmi náà ti lọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi mú mi lọ sí Òṣogbo. Dókítà ọmọdébìnrin kan ní inú eegun làwọn ń gbin eyín sí nísinsìnyí. Mo ní, "Ṣé ẹ ti mi òpó wò?" Ó ya àwòrán eegun mi, ó ní eegun dára, ṣùgbọ́n ojú èyí tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ jinná ná. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jinná, mo padà lọ, ó fi nǹkan rírọ̀ kan sí mi lẹ́nu, ó ní kí n panu dé, kí n má mira.

Ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan wọlé tòun ti gèlè ńlá. Orúnkún mi ti fẹ́ ṣe tiẹ̀, mo yáa gbá ọwọ́ àga mú. Àṣé èmi ni obìnrin náà ń kúnlẹ̀ fún.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Mo fi ojú wo yàrá náà yíká. Kò sí ẹni tó jù mí lọ níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi di àgbọ̀n ara mi mú, n ò sì mira títí nǹkan náà fi le.