Sátidé Tí Tíṣà Gbé Bẹnsíìnì Wá Sílé Wa

Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn nǹkan bí tíṣà kẹ́mísìrì wa ṣe fẹ́ràn bẹnsíìnì. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìbafò ni wọ́n ti ń kọ́ àwa mọ́kànlá tí à ń múra ìdánwò A-level, ìdánwò tó máa gbé wa wọ yunifásítì. Wọ́n á ya káábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó so kọ́ra bí òrùka, háídírójìn kọ̀ọ̀kan lára wọn, wọ́n á wá dúró máa wò ó.

"Bí ásíìdì ṣe le tó, òrùka yìí ò ní já," wọ́n á ní. "Háídírójìn kan ṣoṣo ló máa yọ̀ǹda, kí àlejò lè gba ipò rẹ̀." Inú wọn á dùn bíi pé àwọn ni wọ́n ṣe é. Tèmi náà á dùn, kí n má purọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n kọ́ wa pé bí nítrò, ọ̀kan lára àwọn àlejò yẹn, bá ti gba ipò kìíní lára òrùka, ipò kejì tàbí ìkẹrin ni àlejò mìíràn máa lọ. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti kà á nínú ìwé tí mo yá pé ipò kẹta ni. Àmọ́ ta ni mí tí màá sọ fún àgbàlagbà lójú gbogbo èèyàn pé wọ́n ṣàṣìṣe? Mo pa ẹnu mọ́, mo kọ èyí tó tọ́ sínú ìwé tèmi.

Lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀kadà kan já tíṣà sílẹ̀ níwájú ilé wa ní Mòwé. Eruku ti bo ṣòkòtò wọn dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá mi gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó.

"Ẹ má bínú, sà," wọ́n sọ fún bàbá mi. "Mo kọ́ ọmọ yín ní ohun tí kò tọ́. Mo fẹ́ tún un ṣe kí ìdánwò Mọ́ńdè tó dé. Ilé keje nìyí, ó ku mẹ́rin."

Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ya òrùka sórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní nítrò ń fa ẹ̀lẹ́ktírónì òrùka sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ipò kejì àti ìkẹrin ló ń pàdánù ẹ̀lẹ́ktírónì jù, ìkẹta ló sàn díẹ̀ fún àlejò. Bàbá mi, kápẹ́ńtà tí wọn kì í gbà láéláé pé àwọn ṣi pákó wọ̀n, kàn ń wò wọ́n. Mi ò fẹ́ràn tíṣà yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ni mo bá sọ ọ́: "Mo mọ̀, sà. Mo ti rí i nínú ìwé."

Wọn ò bínú. "O káre," wọ́n ní. "Ta lo ti sọ fún?"

Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń gbé. A jọ pọn omi lánàá. Mo ń pe dídákẹ́ mi ní ọ̀wọ̀ àgbà, àmọ́ mo fẹ́ fi máàkì ju ọ̀rẹ́ mi yìí lọ ni.

Ojú tì mí gan-an. Mo ní kí tíṣà jẹ́ kí n lọ sọ fún un fúnra mi. Ọ̀rẹ́ mi ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìkejì àti ìkẹrin.