Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́rùn Ọ̀gá Wa

Èmi fúnra mi ni mo da omi sí ara mi ní kíláàsì, ẹnikẹ́ni ò tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo ti tọ̀ sí ṣòkòtò, mo wá rò pé tí mo bá da gbogbo omi inú ike mi lé e, ó ti di omi nìyẹn. N kò ronú ibi tí omi ń ṣàn lọ. Ó gba abẹ́ ìjókòó, ó bá báàgì ọmọbìnrin tó wà níwájú mi, ìyẹn figbe ta, gbogbo kíláàsì sì dìde wá wo ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́.

Ayé sójà ni, kálukú ló ń pàṣẹ níbi tí agbára rẹ̀ bá mọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti àgádágodo mọ́ ṣáláńgá, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́rùn. Omi ẹ̀rọ kì í yọ, kò sí ohun tí wọ́n máa fi fọ ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà, ìgbà bíréèkì nìkan ló ń ṣí i. Ẹni tó bá tọ̀ sára, pàṣán mẹ́ta. Mo gba mẹ́ta tèmi, mo gbé ṣòkòtò tútù lọ sílé.

Ìyá ìyá mi ń họ pọ̀nmọ́ ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Tí wọ́n bá ti fi iná sun awọ màlúù tán, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ họ ọ́, họ́rọ́, họ́rọ́, bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èéfín ti wọ aṣọ wọn débi pé òórùn wọn ló ń kọ́kọ́ wọlé kí wa. Gbogbo wa gbà pé imú wọn ti kú.

“Omi ló dà sí i, Màmá.”

Wọn ò tiẹ̀ gbé ṣòkòtò náà súnmọ́ imú. “Omi ibo nìyẹn?”

SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó gbé owó ọjà lókè, ti sọ ọṣẹ di ohun iyebíye, síbẹ̀ wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń bi mí díẹ̀díẹ̀, títí mo fi jẹ́wọ́. Mo fi kún un pé mi ò ní mumi mọ́ tí mo bá ń lọ sílé-ìwé. Ìyẹn ló bí wọn nínú.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá,” ìyá mi bẹ̀ wọ́n. “Wọ́n á lé e tí ẹ bá lọ jà.”

“Ta ló fẹ́ jà?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì omi rù, mò ń tẹ̀lé wọn. Mo gbàdúrà kí kẹ́ẹ̀gì náà jábọ́ ká lè padà sílé. Kò jábọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá tíṣà. Omi rèé. Èmi àti ìyá rẹ̀ á máa gbé e wá láràárọ̀. Ẹ bá wa ṣí ilẹ̀kùn yẹn.”

“Màmá, ọ̀rọ̀ omi nìkan kọ́. Tí mo bá ṣí i fún ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa fẹ́ tọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan mọ́ra.”

Mo ti kó sẹ́yìn ìró Màmá, mò ń fa èéfín símú, mò ń gbọ́ ìró pàṣán tí ẹnikẹ́ni ò gbé dání. Màmá rọra fèsì. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá wa, ó sì bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, ara ìṣó lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wa ló ń wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe báyìí, ara ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ tèmi náà wà. Ẹni tó ń kọjá lọ lè mú un. Ìyàwó mi ní mo ti sọ ọ́ di ti ìjọba. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí Màmá sọ lọ́jọ́ yẹn ni mo máa ń sọ fún un:

“Ọ̀gá tíṣà, ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Oko Ọba. Mo ti rí màlúù tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n so ó lẹ́sẹ̀, wọ́n so ó lọ́rùn. N ò tíì rí alápatà tó ní kó dúró de bíréèkì kó tó tọ̀.”