Ikọ́ Tí Kò Bá Ẹsẹ̀ Ìyàwó Wọlé

Háà, Àǹtí mi! Àníkẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti lọ, ẹ fi mí sílẹ̀ láàárín èrò! Ó di ojú àlá o. Ta ni n ó máa pè ní Àǹtí mi nínú ilé wa ní Àgùdà báyìí? Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ọkọ mi dàgbà bí ìyá, aránbáàgì tí gbogbo ọmọ iléèwé Pápá Àjàó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, obìnrin tí ìtìjú rẹ̀ tóbi ju àìsàn rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní kí ìyàwó tuntun náà kọ díẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú yìí. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré, tí mo bá rí èèyàn mẹ́ta pa pọ̀, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́, torí mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò bí wọ́n ṣe rí orúkọ mi níbí.

Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ bu omi fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wá. Ẹ ń ṣàdúrà lọ, "Ẹsẹ̀ rẹ á tutù sílé yìí, ẹ̀yìn rẹ ò ní mọ ẹní," ni ikọ́ bá dé. Ẹ wúkọ́ títí igbá omi fi bọ́ lọ́wọ́ yín. Mo gbọ́ tí Màmá Àgbà, àbúrò bàbá yín, sọ lẹ́yìn mi pé, "Hẹ̀n-ẹ́n! Irú ẹsẹ̀ wo rèé?" Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti so ikọ́ yín mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi náà fura sí yín. Tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ ó ní, "O ṣé, ìyàwó mi," ẹ ó gbé e wọ yàrá, ẹ ó tilẹ̀kùn. Ẹ ò jẹun lójú mi rí. Lọ́jọ́ kan mo rí ẹran tí mo sè nínú ike pàǹtí, ẹ fi bébà wé e. Mo ní áà, Àǹtí ti gbà wọ́n gbọ́, wọ́n rò pé mo fi nǹkan sí oúnjẹ. Inú bí mi, èmi náà ò jẹ tiyín mọ́. Bí a ṣe di ìkòkò méjì lórí sítóòfù kan nìyẹn. Ọkọ mi nìkan ló jàǹfààní ìjà tí ẹnikẹ́ni ò jà: ó ń jẹ tèmi, ó ń jẹ tiyín, ṣòkòtò ìgbéyàwó rẹ̀ ò sì gbà á mọ́.

Ẹ̀yin ń rù ní tiyín. Wọ́n fún yín ní oògùn ikọ́ ife fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni mo ṣí ilẹ̀kùn yín láì kàn án. Ìborùn tí ẹ máa ń wé mọ́ àgbọ̀n wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo rí àpá láti ìsàlẹ̀ etí dé àgbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti wọnú. Ẹ ń fi ṣíbí tẹ ìrẹsì mi, ó ń já bọ́ ní igun ẹnu yín, ẹ ò sì mọ̀. Ẹran tí ẹ ò lè rún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Mo bú sẹ́kún. Ẹ ní, "Kí ló dé? Ṣé mo ti kú ni?"

Ẹ wá sọ fún mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kókó kan wú lára eegun àgbọ̀n yín, tí wọ́n gé eegun náà, tí wọ́n fi irin dípò. Ọkọ mi àti Màmá Àgbà pàápàá, tí wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, eyín lẹ sọ fún wọn pé ẹ yọ. Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà ńlá, tó bi yín bóyá ẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ rí, ẹ ní, "Rárá o." Ẹnu mi ṣáà là: "Wọ́n ti ṣe é, Dókítà. Àgbọ̀n ni." Ẹ wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́lé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ó wò. Wọ́n bù díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró yín yẹ̀ wò: kókó àgbọ̀n náà ni, ó ti kún ibẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó ti kọjá gígé. Dókítà ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé tí àwọn bá fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, ojú oníwà pẹ̀lẹ́ ló ní, ó sì lè lúgọ sínú àyà fún ọdún gbọọrọ. Gbogbo wa ń fura síra wa, aṣebi gan-an jókòó jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá Àgbà dé. Lójú mi ni wọ́n ti sọ fún ọkọ mi pé, "Jẹ́ kí ìyàwó yìí padà sílé bàbá rẹ̀ ná, títí ara ẹ̀gbọ́n rẹ yóò fi yá." Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú sí mi, ẹ tú ìborùn.

"Ẹ wo ibi tí ikọ́ yìí ti wá, Màmá. Ìyàwó ò tíì mọ ọ̀nà ilé wa nígbà náà."

Màmá Àgbà ní, "Eyín wo ló ń kó gbogbo àgbọ̀n lọ?"

"Eyín irọ́ ni, Màmá. Èmi ni mo pa á."

Ẹ wá kọjú sí mi: "Ìwọ, ṣé ebi ni kó pa mí ni?" Mo gún iṣu kúnná, ẹ jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, mò ń nu igun ẹnu yín. N ò lọ sílé bàbá mi.

Àǹtí mi, àṣírí yín ni mo tú síta yìí, ẹ foríjì mí. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń kà á tí wọ́n ti gé kókó lágbọ̀n rẹ̀ rí, tó ń pè é ní eyín. Ẹ jọ̀ọ́, tí ikọ́ bá dé, ẹ sọ fún dókítà.

Màmá Àgbà ti gbà. Àwọn kan ò tíì gbà, mo rí ojú tí wọ́n fi ń wò mí níbi ìpàdé ìsìnkú. Kò burú. Mo ní ìrètí pé wọ́n á gbà lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wá bi èmi fúnra mi. N ó gbé ojú sókè, n ó sì dá a lóhùn.

Ikọ́ ti tán. Ẹ mí kanlẹ̀, Àníkẹ́. Ẹ sùn re o, Àǹtí mi, ẹ sùn re.

Èmi, ìyàwó yín.